Bí A Ṣe Ń Yan Ìkòkò Tí Yóò Kúrò Nílé Ìdáná

Nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó kúrò nínú ilé tí a ti gbé fún ọdún 11 ní Ìbàdàn, mo kó gbogbo ohun ìdáná mi sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì kà wọ́n. Ìkòkò àti páànù ìdín-nǹkan jẹ́ 19, láìka igbá, abọ́ àti àwọn ẹ̀rọ oníná mọ́ ọn. Mẹ́rin péré nínú wọn ni mo ń gbé ka iná láàárín ọ̀sẹ̀: ìkòkò ìrẹsì, ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò kékeré tí mo fi ń po ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ, àti páànù tí mo fi ń dín ẹyin. Àwọn 15 yòókù wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ tábìlì, àti nínú àpò ìrẹsì tí mo so lẹ́nu tí mo gbé sí kọ̀rọ̀. Aáyán sì ti fi méjì nínú wọn ṣe ilé. Ilé tí a ń kó lọ kò ní ẹ̀yìnkùlé, ilé ìdáná rẹ̀ kò sì tó ìdajì èyí tí a ń fi sílẹ̀. Kò sí bí n kò ṣe ní yan.

Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ohunkóhun tí a kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún kan, kí a gbé e jáde. Ìmọ̀ràn yìí lè bá aṣọ mu, ṣùgbọ́n kò bá ohun ìdáná mu nínú ilé tí a ti ń ṣe ìkómọjáde, tí a ti ń ṣe Iléyá tàbí Kérésìmesì, tí àna sì lè kan ilẹ̀kùn láìròtẹ́lẹ̀. Ìkòkò ńlá tí a fi se ẹran Iléyá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti ṣe iṣẹ́ tí kò sí ìkòkò mìíràn nílé tó lè ṣe é, nígbà tí páànù tí à ń gbé ka iná lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lè jẹ́ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ìbéèrè tí ó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ni èyí: iṣẹ́ wo ni ìkòkò yìí ń ṣe tí àwọn tó kù kò lè ṣe, ta sì ni yóò gbé e ka iná nígbà tí iṣẹ́ náà bá dé? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ilé náà ni kí ẹ wò kí ẹ tó sọ pé ìkòkò kan wúlò tàbí kò wúlò, nítorí ohun tó jẹ́ ẹrù nínú ilé ọlọ́mọ méjì lè jẹ́ kòṣeémánìí nínú agbo ilé.

Ẹ mú ọjọ́ kan tí oòrùn mú, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan àwọn tó wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹ má ṣe yẹ̀ wọ́n wò níbi tí wọ́n wà, nítorí wọ́n ti mọ́ wa lójú níbẹ̀ débi pé a kì í rí wọn mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ dá ọmọrí kọ̀ọ̀kan padà sórí ìkòkò tirẹ̀. Iṣẹ́ kékeré yìí máa ń yanjú ọ̀rọ̀ ju bí a ti lérò lọ. Nínú tèmi, ọmọrí mẹ́ta ni kò ní ìkòkò, ìkòkò mẹ́rin ni kò sì ní ọmọrí. Ọmọrí tí kò ní ìkòkò kò ní iṣẹ́ kankan, àfi bí ó bá bá ẹnu ìkòkò mìíràn mu. Ẹ gbé e lé àwọn yòókù lẹ́nu wò, bí kò bá bá ọ̀kankan mu, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ti ìkòkò tí kò ní ọmọrí yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tí a fi ń dín nǹkan lè ṣe é láìsí ọmọrí, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ń se ẹ̀wà tàbí ẹran láìbò ó ń jẹ gáàsì lásán, ẹni tó bá sì ń ra gáàsì ní kílò kílò mọ ohun tí mo ń wí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ẹnu yín sọ oúnjẹ tí ẹ sè nínú rẹ̀ kẹ́yìn àti ìgbà tí ẹ sè é. Mo ní kí ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, nítorí ọkàn a máa gbèjà ohun ìní ẹni, ṣùgbọ́n ẹnu kì í rí oúnjẹ dárúkọ nígbà tí oúnjẹ kò sí. Mo ní ìkòkò alájà méjì kan tí ìsàlẹ̀ àjà òkè rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, tí mo rà pé n óò máa fi se mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí mo gbé e lọ́wọ́, mo rántí pé n kò fi se mọ́ínmọ́ín rí, nítorí pé bí mo ṣe bá ìyá mi ni mo ṣe ń se é títí di òní: n óò ṣẹ́ igi ewé eéran wẹ́wẹ́, n óò tò ó sí ìdí ìkòkò ìrẹsì, n óò bu omi tí kò ga ju igi náà lọ sí i, n óò sì to mọ́ínmọ́ín lé e lórí. Igi ewé tí à bá dà nù ti ń ṣe iṣẹ́ ìkòkò alájà méjì náà láìgba owó. Ìkòkò yẹn lọ láì sí àríyànjiyàn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn páànù kéèkì, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ìdáhùn mi yí padà. N kò ní óòfù, mo sì ti ń mú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí yóò lọ kí n tó rántí pé lọ́dọọdún, nígbà ọjọ́ ìbí ọmọ mi àbígbẹ̀yìn, mo máa ń da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, n óò mú un gbóná, n óò gbé páànù kéèkì lé orí yanrìn náà, n óò sì dé e pa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀, mo sì yọ méjì.

Níbi tí ìkòkò mẹ́ta bá ti tóbi bákan náà, ẹ gbé wọn ka orí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ fọwọ́ tẹ etí wọn. Èyí tí ìdí rẹ̀ ti wú tí ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ kò ní jókòó dáadáa lórí gáàsì, kò sì ní jẹ́ kí ooru kárí. Òun ni kó kọ́kọ́ lọ. Bí gbogbo wọn bá jókòó dáadáa, ẹ yan èyí tí ìdí rẹ̀ nípọn jù, torí òun ni kì í tètè jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná.

Ìkòkò àríyá ló máa ń le jù láti pinnu, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Èyí tí mo ní gba ìdajì àpò ìrẹsì, èyíinì ni kílò 25, ó sì tó kí ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó sínú rẹ̀. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ìgbà tí ìkòkò bẹ́ẹ̀ gun ààrò láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ayẹyẹ tí ẹ mọ̀ dájú pé ó ń bọ̀ láàárín ọdún kan sí i. Ẹ kọ ayẹyẹ tó ti ní ọjọ́ tàbí tó ti ní oyún, kí ẹ fi ti àdúrà sílẹ̀. Bí ó bá ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ìkòkò náà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá àyè fún un. Bí kò bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ béèrè iye tí àwọn tó ń yáni ní àtíbàbà àti àga ń gbà fún ìkòkò ńlá ní àdúgbò yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìkòkò, kúlà àti ọmọorogùn ńlá pẹ̀lú. Owó ìyálò ọjọ́ kan kéré sí àyè tí ìkòkò bẹ́ẹ̀ ń gbà fún 364 ọjọ́ yòókù, pàápàá fún ẹni tó ń gbé yàrá méjì tó sì ń san owó ilé lọ́dọọdún.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ ó fi dáná sí i. Ààrò onígi àti ẹ̀yìnkùlé ni a ṣe ìkòkò ńlá fún. Nígbà tí ìyá mi bá fẹ́ gbé tirẹ̀ ka ààrò, ó máa ń fi ọṣẹ ra gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí èéfín má baà lẹ̀ mọ́ ọn, bí iná bá sì kú tán, omi àti kànìnkànìn lásán ni yóò fi ṣí gbogbo dúdú náà kúrò. Bí ẹ bá ti kó lọ sí ilé alájà níbi tí ẹ kò lè dáná igi, ẹ má ṣe rò pé ẹ óò gbé e ka orí gáàsì kékeré. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ojú gáàsì lọ lọ́nà méjì kò dúró dáadáa, tí ó bá sì jẹ́ gáàsì tí ojú ìdáná rẹ̀ wà lórí sìlíńdà gan-an, ooru tí ìdí ìkòkò ń dá padà yóò máa lọ sára sìlíńdà náà. Ewu ńlá nìyẹn, kò sì sí ayẹyẹ tó tó o. Ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò ti lo ìkòkò àríyá mọ́, kí ó jẹ́ kí ìkòkò náà lọ sí ibi tí ẹ̀yìnkùlé wà.

Kì í ṣe dandan kí ó kúrò nínú ẹbí. Ọmọ ìyá mẹ́rin ni wá, mẹ́ta nínú wa ló sì ní ìkòkò àríyá tirẹ̀ láìsí ẹni tó ń lò ó tó bó ṣe yẹ. A pinnu pé èyí tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó kọ́lé sí Ọ̀yọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò kọ orúkọ àti ọjọ́ sínú ìwé kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì dá a padà ní fífọ̀. A ta méjì yòókù, a sì fi owó rẹ̀ ra ọmọorogùn tuntun àti asẹ́ ńlá tí gbogbo wa ń lò pọ̀.

Kí ẹ tó mú ìkòkò àríyá kankan kúrò, ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wo ìdí àti etí rẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń fi ìṣó lu lẹ́tà orúkọ wọn sí i, tàbí kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́, kí ó má baà sọnù láàárín ìkòkò àlejò níbi òkú tàbí ìyàwó. Mo ti fẹ́ẹ̀ gbé ìkòkò kan fún aládùúgbò mi kí n tó rí lẹ́tà méjì tí kì í ṣe ti ìyá mi, tí kì í sì í ṣe tèmi, lábẹ́ rẹ̀. Mo pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, ìkòkò tí mo fi ránṣẹ́ nígbà ìkómọ Adé nìyẹn. Mo ti ń wá a láti ọjọ́ yìí." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la." Bí ó ti rí nìyẹn: nínú ohun tí a kì í sábà lò, ohun tí a yá tí a gbàgbé pọ̀, ti onílé sì ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sílé.

Apá kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú níbẹ̀, èyí sì ni àwọn ohun ìdáná tó lè ṣe ara ní jàǹbá. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ni ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tí wọ́n fi bo inú rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Teflon, ni Roy Plunkett ṣèèṣì rí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, ó sì dára púpọ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì bó, tí iná kò sì pọ̀ jù. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 260°C, èyí tí kò ṣòro bí a bá gbé páànù òfìfo ka iná tó ń jó gidi, ohun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín rẹ̀ sì lè pa ẹyẹ tó wà nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni ó lè mú kí ènìyàn ní otútù àti ibà fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kẹ́míkà kan tí à ń pè ní PFOA wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ ńláńlá mẹ́jọ bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé àwọn yóò fòpin sí lílò rẹ̀ kí ọdún 2015 tó parí. Èyí tí mo ní ti pẹ́ ju ìgbà yẹn lọ. Mo dín ẹyin kan nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń yan ìkòkò, mo yí i padà, mo sì rí i pé èépá dúdú tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹyin náà níbi mẹ́ta. Páànù tí mo ń lò jù lọ nílé nìyẹn, òun sì ni mo kọ́kọ́ jù nù. Bí inú tiyín bá ti ha, tó sì ń bó, ẹ má ṣe fún ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sì ṣe gbé e lọ sí abúlé.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìkòkò rírọ, èyí tí wọ́n ń yọ́ onírúurú àlòkù alumíníọ̀mù láti ṣe, tí wọ́n sì ń dà á sínú yanrìn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà ìkòkò. Ó lágbára, kì í tètè jó ọbẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti onírúurú irin tí a kò mọ orísun rẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ pọ̀, òjé lè wà nínú rẹ̀, ohun kíkan bíi tòmátò àti ọsàn wẹ́wẹ́ sì máa ń fà á jáde sínú oúnjẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ara ọmọdé tí a lè pè ní aláìléwu, nítorí pé ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́. Nítorí náà, èyí tí inú rẹ̀ ti jẹ ihò wẹ́wẹ́, tí ó ń fi eérú sí kànìnkànìn nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́, kí ó kúrò nídìí oúnjẹ pátápátá. Èyí tí inú rẹ̀ ṣì ń dán tí ẹ kò sì fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ máa fi se iṣu tàbí kí ẹ fi gbé omi kaná fún ìwẹ̀, kí ẹ má ṣe fi se ọbẹ̀ ata, kí ẹ má sì fi ọbẹ̀ sùn nínú rẹ̀.

Ti ìkòkò prẹ́ṣà, èyí tí ń fọn fèrè, kò gbà bẹ́ẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rù rẹ̀ tí wọ́n sì gbé e pamọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ohun tí ó lè dín owó gáàsì kù jù nílé ìdáná. Inú ìkòkò lásán, omi kì í gbóná kọjá 100°C. Nínú prẹ́ṣà, nítorí pé atẹ́gùn gbígbóná kò rí ọ̀nà jáde, ó ń súnmọ́ 120°C, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ màlúù àti ẹ̀wà fi ń tètè rọ̀. Ẹ fa rọ́bà etí ọmọrí rẹ̀ jáde, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti gan tàbí ó ti là, ìkòkò náà kò gbọ́dọ̀ gun iná títí ẹ óò fi rí rọ́bà tuntun tó jẹ́ ti irú rẹ̀ gan-an. Ẹ gbé ọmọrí náà sókè sí ojú oòrùn, kí ẹ fi ojú kan wo ihò fèrè. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ láti òdìkejì, oúnjẹ ti dí i, ẹ fi abẹ́rẹ́ là á. Bí rọ́bà kò bá sí lọ́jà mọ́, ẹ tà á gẹ́gẹ́ bí irin, kí ẹ sì tẹ ọmọrí rẹ̀ wọlé kí ó má ṣe dé ọwọ́ ẹni tí yóò tún gbé e ka iná.

Àwọn abọ́ onípáànù tí wọ́n fi ọ̀dà dídán aláwọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ ewé bò kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí inú rẹ̀ bá ti ṣí tí ó ń dípẹtà, kí ó di ohun tí à ń fi gbin ewébẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló ṣí, kò sí wàhálà.

Nípa àwọn ẹ̀rọ oníná, ẹ yí ìdí wọn sókè, kí ẹ ka iye wáàtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò kò ju nǹkan bí wáàtì 650 lọ, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń yan búrẹ́dì tàbí kẹ́tùlù oníná lè béèrè wáàtì 1,000 sí 2,000. Ẹ̀rọ tí jẹnẹrétọ̀ yín kò lè gbé, tí iná ìjọba kì í sì í sí nígbà tí ẹ nílò rẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ilé tó bá wà lára àwọn tí ìjọba ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún lè rí i lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí onílé kọ́kọ́ wo iye tí owó iná ibẹ̀ ti di. Mo ta ẹ̀rọ tí ń gún iyán. Ó ń gún un, ṣùgbọ́n iyán ènìyàn mẹ́ta ni ó lè gún lẹ́ẹ̀kan, mẹ́fà sì ni wá.

Odó ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun àjogúnbá. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ orí ṣe ìdájọ́ ohun ìdáná àtijọ́. Ohun tó ń ṣe é ni kí ẹ wò. Ẹ yí odó dé, kí ẹ gbọ̀n ọ́n: bí ìyẹ̀fun igi bá ń jábọ́, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀, kí ó má ṣe wọ ilé tuntun. Bí ó bá là láti ẹnu dé ìsàlẹ̀, iyán yóò máa há sí i, kò sì ní ṣeé fọ̀ mọ́. Bí ara rẹ̀ bá le, ìbéèrè tó kù ni ibi tí ẹ ń gbé. Mo ní ìbátan kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó gbé odó kékeré lọ láti ilé, àjà kẹta ni ó sì ń gbé. Ó ní láti gbé e fún ẹlòmíràn tí ilé rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí pé ará ìsàlẹ̀ kò lè sùn ní ọjọ́ Àìkú tí ó bá ń gúnyán. Ọlọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ tó ti dán jù kò lè lọ ata mọ́ títí a óò fi sán an kí ojú rẹ̀ tún rí págunpàgun. Bí kò bá sí ẹni tí yóò sán an, tí ẹ sì ti ní ẹ̀rọ ìlọta, ẹ fi í fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ìṣaasùn amọ̀ ni mo rí i tí àwọn ènìyàn máa ń ṣi dá lẹ́jọ́. Wọ́n á ní ó ń jò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún òjò. Ìkòkò tí àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù tàbí ti Ìlọrin mọ, tí wọ́n sì fi igi àti koríko sun, máa ń mu omi díẹ̀ nípa ti ẹ̀dá rẹ̀. Ẹ pọn omi kún un ní alẹ́, kí ẹ gbé e ka orí ìwé ìròyìn. Bí ó bá di òwúrọ̀ tí ìwé náà kàn tutù níbi tí ìdí ìkòkò ti kàn án, ó ń làágùn lásán ni, ó dára. Bí omi bá ti ṣàn kọjá ìdí rẹ̀, ó ti là. Èyí tí kò là, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó tún gbé e kaná, kí iná rẹ̀ kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì da omi tútù sí i nígbà tó bá gbóná. Ẹ̀fọ́ rírò tí a sè nínú rẹ̀ ṣì ń gbóná nígbà tí ti ìkòkò alumíníọ̀mù ti tutù. Nítorí èyí ni mo fi dá ọ̀kan sí nílé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo lò ó lọ́dún tó kọjá.

Agbada irin tó ti dípẹtà kì í ṣe ohun tí à ń jù nù. Ẹ fi yanrìn àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ìpẹtà yóò fi tán, kí ẹ gbé e kaná kí ó gbẹ, kí ẹ fi òróró ẹ̀pà ra á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí iná jó o títí èéfín rẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, àkàrà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń lé agbada jáde nílé ni bí kò bá sí ẹni tó ń dín àkàrà mọ́.

Àwọn ẹ̀bùn àríyá, ẹ má jẹ́ kí àwòrán tó wà lára wọn dá yín dúró. Igbá oníke àti àtẹ tí wọ́n lẹ àwòrán olóògbé mọ́ lára kò sọ wá di ẹni tó gbàgbé òkú bí a bá fi í fún ẹlòmíràn. Ẹ yọ àwòrán náà bí ó bá ń dùn yín, kí ẹ tọ́jú èyí tó bá ìlò yín mu, kí ẹ sì kó ìyókù jáde lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tí ọkàn yín kò bá tíì gbà, ẹ kó o sínú páálí kan, kí ẹ so ó, kí ẹ kọ ọjọ́ òní sára rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò pé oṣù mẹ́fà. Ẹ má kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tú u láti mú nǹkan, ohun tí ẹ mú nìkan ni kó padà sílé ìdáná. Ẹ sì bi àwọn ará ilé léèrè kí páálí tó jáde, nítorí ọmọ mi ọkùnrin ni ó sọ fún mi pé ìkòkò kékeré tí mo fẹ́ fi tọrẹ ni òun fi ń se ìndómì nígbà tí n kò bá sí nílé.

Nígbà tí ẹ bá ń kó wọn lọ, ẹ fọ̀ wọ́n kí wọ́n mọ́, kí ẹ fún ènìyàn ní ìkòkò pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, kí ẹ sì sọ àbùkù tó bá ní kí ẹni náà tó gbà á. Àwọn ìyàwó tuntun, àwọn àgùnbánirọ̀ àti àwọn olóúnjẹ ni wọ́n máa ń rí i lò jù. Irin àlòkù ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n tó dé: alumíníọ̀mù ní ẹ̀gbẹ́ kan, irin ní ẹ̀gbẹ́ kejì, torí owó alumíníọ̀mù ju ti irin lọ, àdàpọ̀ wọn sì máa ń bọ́ sí owó èyí tó kéré.

Nínú 19, mẹ́sàn-án ni mo kó dé ilé tuntun. Èyí tó pẹ́ lọ́wọ́ mi jù nínú àwọn tó lọ ni ìkòkò ìrẹsì ìyá mi, èyí tí wọ́n ti jó ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó gba kóńgò mẹ́fà. Mo fún ọmọ àbúrò ìyá mi tí ó ń ta oúnjẹ ní Bódìjà. Ó yí i dé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo lẹ́tà méjì tí ìyá mi fi ìṣó lù síbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n pa á rẹ́?" Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó wá ìṣó àti òkúta, ó sì lu tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.